Adákẹ́rìn àti Ṣaworo Ajá Bàbá Mi

Bàbá mi, Akínwùmí, kò fẹ́ràn ariwo, bẹ́ẹ̀ wáàfù Àpápá ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélógún. Àwọn ni wọ́n ń fi okùn irin de ẹrù kí kéréènì tó gbé e sókè. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, etí wọn kì í sinmi: fèrè ọkọ̀ ojú omi, irin tó ń lu irin, àwọn alágbàṣe tó ń ké pe ara wọn láti orí ọkọ̀ kan sí èkejì. Tó bá wá di Sátidé, wọ́n á gbé ìbọn kọ́ èjìká, wọ́n á pe ajá wọn, wọ́n á forí lé igbó ẹ̀yìn Kírikìrì. Wọn kì í sọ pé àwọn ń lọ ṣọdẹ. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Mo fẹ́ lọ gbọ́ nǹkan díẹ̀."

Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí kò ní gbà pé igbó wà níbẹ̀ rí. Nígbà náà, tí ẹ bá ti kọjá ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ ti ń já ẹrù, tí ẹ kọjá àwọn táńkì epo, yanrìn funfun lẹ máa kọ́kọ́ bá. Ẹ̀rọ ló fà á látinú ọ̀sà, wọ́n dà á síbẹ̀, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Koríko ti hù lé e lórí. Lẹ́yìn yanrìn ni igbó, lẹ́yìn igbó ni àbàtà tí igi ọ̀gọ̀rọ̀ dúró sí. Ọ̀yà wà níbẹ̀. Túùkú náà wà, ẹlẹ́dẹ̀ igbó pupa tó máa ń jáde látinú àbàtà wá hú ẹ̀gẹ́ àwọn tó ń dáko létí yanrìn.

Ẹgbẹ́ ọdẹ àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ kò ju ènìyàn mẹ́sàn-án lọ. Òṣìṣẹ́ wáàfù ni púpọ̀ nínú wọn, awakọ̀ tírélà ni méjì. Bàbá Akínsànyà, àgbàlagbà kan tí ilé wọn kò jìnnà sí Boundary, ni olórí. Òfin kan wà tí ẹgbẹ́ yìí kì í fi ṣeré: a kì í kun ẹran nínú igbó. Ẹran ìbáà tóbi, ìbáà kéré, odidi ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Akínsànyà kí gbogbo ẹgbẹ́ rí i kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ẹni tó bá gbé e dé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kí. "Àrìnpa o" ni kíkí náà, ẹni tó gbé ẹran nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn. Bí ẹlòmíràn bá bá ọdẹ gbé ẹran rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan, kò sí wàhálà, ara ènìyàn kì í ṣe irin. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á ní kí ọdẹ náà gbé ìbọn kọ́ ara ògiri, kó má ṣọdẹ mọ́. Èrò wọn ni pé ẹni tí kò lè gbé ohun tó pa, kò yẹ kó máa pa á.

Ní ọdún 1985, okùn irin kan já ní wáàfù, ẹrù sì wá sílẹ̀. Bàbá mi sá, ṣùgbọ́n orúnkún wọn ọ̀tún kò bá wọn sá. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò lórí ibùsùn. Nígbà tí wọ́n dìde, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ọ̀gá wọn sì gbé wọn kúrò nídìí kéréènì lọ sídìí géètì, kí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún tírélà.

Orúnkún yẹn kò dí wọn lọ́wọ́ ìbọn. Ọwọ́ wọn ṣì dúró, etí wọn ṣì mú. Gbígbé ẹran ni kò ṣeé ṣe mọ́. Láàárín oṣù kan ṣoṣo, Àlíù bá wọn gbé ẹran wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Àlíù yìí, bàbá mi ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọdẹ. Ó ń ru àpò ní Kírikìrì níbi tí àwọn ọkọ̀ pẹrẹsẹ ń gúnlẹ̀ sí, ọrùn rẹ̀ sì le bí òpó. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, mo wà níwájú ilé Bàbá Akínsànyà. Àwọn ọdẹ kí Àlíù pé àrìnpa o. Àlíù kò mọ ibi tó máa gbójú sí. Ó wo bàbá mi, bàbá mi wo ilẹ̀, ó wá dáhùn pẹ̀lú ohùn tí kò jáde dáadáa.

Bí a ṣe ń padà sílé, gbólóhùn kan péré ni bàbá mi sọ. "Ẹ̀rínọlá, ó ku ẹyọ kan."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Ìyá mi ti kú, èmi nìkan ni mo kù pẹ̀lú bàbá mi nínú yàrá wa kan, mo sì ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún àwọn alágbàṣe níwájú géètì wáàfù. Mo mọ ohun tí ẹyọ kan yẹn túmọ̀ sí. Bí wọ́n bá gba igbó lọ́wọ́ bàbá mi, ariwo nìkan ló kù fún wọn láyé.

Nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn náà ni ajá wọn kú, ogbó ló pa á. Ojúlarí ni orúkọ rẹ̀. Irin ni ṣaworo tó wà lọ́rùn rẹ̀, alágbẹ̀dẹ ilé wa ní Ìjẹ̀bú ló rọ ọ́, tó bá ń dún nínú igbó gbogbo ọdẹ á mọ̀ pé ajá Akínwùmí ló ń bọ̀, wọn kò ní yìnbọn. Bàbá mi bọ́ ṣaworo náà lọ́rùn ajá, wọ́n nù ún, wọ́n fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn.

Tonye ló mú wa dé ibi ìrètí. Ọmọ ẹ̀yà Ijaw ni, yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ó sì ń tún iná ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Àpápá. Lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹta ọdún 1986, èmi àti bàbá mi jókòó síta, la bá rí i tó ń bọ̀ láti ìkóríta, ó jókòó lórí nǹkan, nǹkan náà ń rìn, a kò sì gbọ́ ohunkóhun. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e. Ìyá kan tó ń yan gúgúrú dìde, ó gbé àga rẹ̀ sá wọlé.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni. Ọwọ́ ìdarí rẹ̀ dà bí ti kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pákó gbọọrọ tí a lè kó ẹrù lé, àpótí irin kan sì wà lábẹ́ ìjókòó tí bátìrì wà nínú rẹ̀. Iná ló ń lò, kì í mu epo. Tonye ṣàlàyé fún wa pé inú ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n ti ń fi kó páálí, nítorí àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ ni ibẹ̀ kò fẹ́ kí èéfín ba ewé tíì tí wọ́n ń kó síbẹ̀ jẹ́. Nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ agbẹ́rù ńlá, wọ́n ti èyí sí ẹ̀yìn ilé, òjò ń pa á. Ó tọrọ rẹ̀, wọ́n fún un, wọ́n sì kọ ìwé àṣẹ tó máa fi gbé e kọjá géètì fún un. Ó lo oṣù méjì lórí rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bátìrì tírélà méjì ló fi rọ́pò èyí tó ti kú.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ gbá ìjókòó náà.

"Baba, na your new leg be dis," ó ní. Ó wá fi Yorùbá rẹ̀ tún un sọ kí ó má bàa sí àṣìṣe: "Ẹsẹ̀ tuntun yín rèé, sà. Ó lè ru túùkú méjì, kò ní ní kí ẹ fún òun ní omi."

Bàbá mi yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n tẹ́tí sí i bí ẹni tẹ́tí sí àyà aláìsàn. "Kò ní ohùn," wọ́n ní. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn, ẹ̀rín tí mi ò tíì rí láti ìgbà tí okùn ti já. "Níbo ló ti ń wá láti ọjọ́ yìí?"

Bíréèkì rẹ̀ ló jẹ́ kí n di ọdẹ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá mi kò sì lè tẹ ohunkóhun. Tonye kọ́ mi lọ́jọ́ Àìkú méjì, lẹ́yìn ìsìn, lórí ilẹ̀ bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kejì mo wà á wọ inú kòtò àgbàrá, àwọn agbábọ́ọ̀lù ló gbé mi jáde, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará àdúgbò sọ kẹ̀kẹ́ náà ní Adákẹ́rìn. Orúkọ náà mọ́ ọn lára.

Ọ̀rọ̀ wá dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọdẹ. Bí kẹ̀kẹ́ bá gbé ẹran wọlé, ta ló gbé e? Àwọn kan ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe Akínwùmí, nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kẹta ti pé. Awakọ̀ tírélà kan ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹrù tí òun ti gbé lọ sí Kánò, tírélà ló yẹ kí wọ́n máa sanwó fún. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò gbà. Òmíràn ní ọmọbìnrin ló ń wà á, ṣé àwọn ti ń mú obìnrin lọ sígbó ni? Bàbá Akínsànyà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó dáhùn.

Wọ́n ní ẹran kò mọ obìnrin yàtọ̀ sí ọkùnrin. Wọ́n ní ọmọ ni ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbé ẹran fún, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e. Wọ́n wá na ìka sí mi.

"Ṣùgbọ́n ìwọ Ẹ̀rínọlá, gbọ́ èyí dáadáa. Ohun tó bá ń rìn nínú igbó tí kò ní ohùn, ti ìbọn ni. Ènìyàn á wúkọ́, ajá á mi ṣaworo. Ẹ so ṣaworo ajá yẹn mọ́ kẹ̀kẹ́, kò sì gbọdọ̀ wọ igbó láìdún."

Bí ṣaworo Ojúlarí ṣe bọ́ sí iwájú Adákẹ́rìn nìyẹn, lábẹ́ ọwọ́ ìdarí.

Mo ti dàgbà báyìí, mo ti rí nǹkan díẹ̀ láyé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n mú ìgbà kan padà, àwọn òwúrọ̀ Sátidé ọdún yẹn ni màá mú. A máa ń jáde ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́. Òjó Road á ṣì ṣófo, àwọn tírélà á tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí màlúù tó ń sùn, àwọn awakọ̀ á na ẹsẹ̀ jáde lójú fèrèsé. Bàbá mi á jókòó sórí pákó ẹ̀yìn, wọn á kọjú sí ibi tí a ti ń bọ̀, ìbọn á wà lórí itan wọn, ọ̀pá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. A kì í sọ̀rọ̀. Ìró táyà lórí yanrìn àti ṣaworo nìkan lẹ máa gbọ́. Nígbà mìíràn aláàárù kan á rí wa, á ní, "Bàbá Ẹ̀rín, ẹ bá mi mú ọ̀yà kan bọ̀ o," bàbá mi á ní kí ó lọ se ọbẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, igi ẹ̀bẹ́lẹ́bọ̀ kan, èyí tí àwọn kan ń pè ní igi fúrúùtù, wà létí yanrìn. Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Bàbá mi á sọ̀ kalẹ̀, wọn á rọra wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. Tí mo bá gbọ́ ìbọn, màá ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, màá wá wa kẹ̀kẹ́ wọlé ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ti là fún mi, ṣaworo á máa dún. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n á kọ́kọ́ dúró tì mí, wọ́n á ní kí n dijú kí n sọ ohun tí mo gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni mò ń gbọ́. Wọ́n ní kí n yọ ọkọ̀ ojú omi kúrò. Mo yọ ọ́, mo gbọ́ afẹ́fẹ́. Wọ́n ní kí n yọ afẹ́fẹ́ náà kúrò. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ọ̀yà tó ń jẹ ìdí koríko, kèè, kèè, bí ẹni ń fi eyín gé èékánná. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, wọ́n fi ọwọ́ kan orí mi.

Ẹran mẹ́fà ni a gbé wọlé lọ́dún yẹn. Lẹ́ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bàbá mi ni àwọn ọdẹ kí pé àrìnpa o, bàbá mi ló sì dáhùn, ohùn wọn á jáde bí ti ọ̀dọ́mọkùnrin.

Nígbà tó di ọdún 1987, ẹran kò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, títí ó fi di márùn-ún. Àlíù máa ń pàdé wa tí a bá ń padà bọ̀, á wo pákó ẹ̀yìn tó ṣófo. Àwàdà ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwàdà náà ní eyín. "Bàbá Ẹ̀rín, ìpàdé àdúrà lẹ ń fi agogo pè ni? Àwọn ọ̀yà ti gbọ́ o, wọ́n ti gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín fún un. Èmi kò rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Oṣù náà ni oṣù tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa ń le. Bí mo ṣe dúró sábẹ́ igi ẹ̀bẹ́lẹ́bọ̀, afẹ́fẹ́ ń mi ṣaworo láìsinmi, èmi ni mò ń lé ẹran fún bàbá mi. Mo gbìyànjú láti fi ọwọ́ dì í mú, ọwọ́ ro mí. Ní Sátidé kẹfà, bí bàbá mi ṣe wọlé tán, mo ya etí ìró tí mo ró, mo fi dí ẹnu ṣaworo, mo fi ìka tì í títí ahọ́n rẹ̀ kò fi lè mì mọ́.

Kò pẹ́ lọ títí, ìbọn dún. Mo fa àkísà yọ, mo ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, mo wa kẹ̀kẹ́ wọlé, ṣaworo ń dún. Ọ̀yà ńlá kan ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo tún ṣe bẹ́ẹ̀, a tún rí òmíràn. Bàbá mi ní ẹran ti ń padà bọ̀. Mi ò sọ ohun tí mo ṣe. Mo rò pé ire ni mò ń ṣe, ó sì dùn mọ́ mi pé èmi náà ní ọgbọ́n ọdẹ tèmi.

Ní Sátidé kẹta, ìbọn dún. Lẹ́yìn ìró ìbọn, mo gbọ́ túùkú tó ké. Túùkú! Odidi ọdún kan ni a ti ń retí rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò ka oókan, mi ò ka nǹkan kan. Mo gun kẹ̀kẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo wọ inú koríko. Àkísà ṣì wà lẹ́nu ṣaworo.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé túùkú náà kò tíì kú. Ó ti gba ọta, ó ti sá wọ koríko, bàbá mi sì ti ki ọta mìíràn sí ìbọn, wọ́n fara ti igi, wọ́n ń retí rẹ̀. Túùkú tó gbọgbẹ́ máa ń padà wá bá ọdẹ. Ọdẹ tó lẹ́sẹ̀ méjì á gun igi. Bàbá mi kò lè gun igi. Etí nìkan ni wọ́n ní. Wọ́n gbọ́ koríko tó ń là, ohun tó wúwo ni, ó ń bọ̀ tààrà, kò sì ní ohùn.

Mo rí iná ẹnu ìbọn kí n tó gbọ́ ọ. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ti kẹ̀kẹ́ náà lábẹ́ mi. Mo ṣubú sí apá òsì. Àpótí irin ló gba púpọ̀ nínú ọta náà, omi bátìrì ń ṣàn sórí yanrìn, ó ń hó. Ọta kan ṣoṣo ló wọ apá mi, lókè ìgbọ̀nwọ́. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára nígbà yẹn. Ohun tí mo ń gbọ́ ni bàbá mi tó ń pe orúkọ mi, tí wọ́n ń fà á gùn bí ẹni pe ẹni tó ti lọ jìnnà. Wọ́n ti ju ọ̀pá nù. Wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀.

Wọ́n yẹ̀ mí wò láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n fi aṣọ wọn di apá mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo kẹ̀kẹ́, wọ́n fi ọwọ́ kan ṣaworo, wọ́n mì ín. Kò dún. Wọ́n fi ìka fa àkísà náà jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n mọ aṣọ náà dáadáa, àwọn ló rà á fún mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo ṣe é fún, Bàbá. Afẹ́fẹ́ ló ń lé ẹran." Wọ́n ká àkísà náà, wọ́n fi sápò.

Àlíù àti ọdẹ méjì mìíràn wà nítòsí, wọ́n ti gbọ́ ariwo. Àwọn ló rí túùkú náà, ó kú sẹ́yìn igbó ẹ̀gún kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ. Adákẹ́rìn kò lè rìn mọ́. Wọ́n gbé ẹran sórí pákó, wọ́n gbé èmi sórí ìjókòó, Àlíù ti kẹ̀kẹ́ láti Kírikìrì dé Boundary, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin fún òógùn. Bàbá mi ń rìn lẹ́yìn, wọ́n di pákó kẹ̀kẹ́ mú. Mo ń wo Àlíù tó ń ti kẹ̀kẹ́, mo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn.

Nígbà tí a dé, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ládùúgbò yọ ọta kúrò lápá mi lójú gbogbo ènìyàn. Bàbá Akínsànyà jáde. Àwọn ọdẹ tó wà níbẹ̀ rí túùkú náà, wọn kò tíì mọ ìdí ọ̀rọ̀, wọ́n kí Àlíù pé àrìnpa o.

Àlíù kò dáhùn. Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ má kí mi," ó ní. "Bàbá Ẹ̀rín ló gbé e wá. Èmi kàn ń bá wọn ti kẹ̀kẹ́ ni, bí ẹni ti mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà. Ṣé ẹni tó ti mọ́tò ló ni ín?"

Bàbá Akínsànyà wo bàbá mi, wọ́n wo apá mi, wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo yára sọ ọ́ kí bàbá mi tó lanu. Mo ní èmi ni mo dí ṣaworo. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti ṣe é, bàbá mi kò mọ nǹkan kan, ẹ̀bi mi ni. Bàbá Akínsànyà ronú, wọ́n wá ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ló rú òfin, òun ni kò gbọdọ̀ wọ igbó mọ́. Ní ti Akínwùmí, kí ó mú ìbọn rẹ̀ máa lọ sílé, ẹgbẹ́ á wá ọ̀nà tí yóò fi máa gbé ẹran.

Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti gba igbó padà lọ́wọ́ wọn fún bàbá mi. Àlíù mí kanlẹ̀.

Bàbá mi kò kúrò lójú kan. Wọ́n bọ́ ìbọn kúrò léjìká, wọ́n yọ ọta inú rẹ̀, wọ́n rọra fi ti ara ògiri Bàbá Akínsànyà, ẹnu rẹ̀ sókè.

Àlíù sún mọ́ wọn. "Bàbá, wọ́n ti ní kò sí nǹkan. Ẹ mú ìbọn yín. Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní èyí tó kù?"

"Mo ti kọ́ ọ tán," bàbá mi ní. "Ọmọ mi dí ṣaworo, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo yìnbọn sí ohun tí mi ò rí. Ojú ni a fi ń yìnbọn, Àlíù. Etí kàn ń pe ojú ni. Ọdún méjì ni mo ti ń fi etí yìnbọn torí pé mi ò lè sá, mo sì ń pè é ní ọgbọ́n. Ọlọ́run ti bá mi ṣírò rẹ̀ lónìí, ó sì ṣàánú mi. Mi ò ní dán an wò lẹ́ẹ̀kejì."

Wọ́n bẹ̀ wọ́n títí. Wọn kò gbà. Nígbà tí àwọn ọdẹ rí i pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe, Bàbá Akínsànyà fúnra wọn, tí kì í kọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni, dìde dúró, wọ́n kọjú sí bàbá mi. "Àrìnpa o, Akínwùmí." Bàbá mi dáhùn. Ohùn wọn kò mì. Wọ́n mú ọ̀pá tí ẹnì kan bá wọn gbé wá, wọ́n di ọwọ́ mi tí kò dùn mí mú, a sì lọ sílé.

Tonye rí bátìrì mìíràn, ó lẹ ihò ara àpótí náà pa. Mo wá ń fi Adákẹ́rìn kó búrẹ́dì láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ sí géètì wáàfù, àwọn oníbàárà mi sì mọ ṣaworo náà: tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á mú abọ́ ẹ̀wà wọn jáde. Tí mo bá ní ti òdodo, òun ló jẹ́ kí n lè gba ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé kì í ṣe ti búrẹ́dì. Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá mi á jókòó sórí pákó ẹ̀yìn, láìsí ìbọn, màá gbé wọn lọ sábẹ́ igi ẹ̀bẹ́lẹ́bọ̀ létí yanrìn. Bàbá Akínsànyà gbà fún wa, wọ́n ní abẹ́ igi kì í ṣe inú igbó. A óò jókòó, a óò dijú. Àlíù á gba iwájú wa wọlé, á ní, "Ẹ bá mi gbọ́ ibi tí wọ́n wà o," bàbá mi á na ọ̀pá sí apá ibì kan. Kì í padà lọ́wọ́ òfo tó bá tẹ̀lé ọ̀pá yẹn.

Ọdún mẹ́fà ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan wá fi wáyà yí yanrìn ká, wọ́n sán igbó, kọ̀ntéénà bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn níbẹ̀. Nígbà tó di 1994, igi ẹ̀bẹ́lẹ́bọ̀ yẹn nìkan ló kù, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, eruku ti sọ ewé rẹ̀ di funfun. A ṣì ń lọ. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá mi nígbà kan, nígbà tí tírélà ń han lọ́tùn-ún lósì, ohun tí wọ́n ń gbọ́. Wọ́n dijú pẹ́. Wọ́n ní, "Mo ti yọ tírélà kúrò. Mo ti yọ kọ̀ntéénà kúrò. Dúró ná."

Wọ́n kú ní ọdún 1996, lójú orun, nígbà òjò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo wọ kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, torí mi ò mọ̀wé kà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ń fi ọṣẹ fọ Adákẹ́rìn tí kò rìn mọ́, mo rí àwo irin kékeré tó wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí Tonye ti gbé e wá. Mo kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí mo fi mọ ohun tó ń sọ. Ó ní ẹrù nìkan ni, a kò gbọdọ̀ fi gbé ènìyàn. Mo jókòó sórí pákó ẹ̀yìn níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ṣe mí bíi kí n pe bàbá mi kí n kà á fún wọn.

Ìbọn wọn wà lọ́wọ́ Àlíù, Bàbá Akínsànyà ló fún un. Àpò ọdẹ wọn wà lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo tú u, ọ̀bẹ kan wà nínú rẹ̀, okùn díẹ̀, àti etí ìró mi tí wọ́n ká dáadáa, tí àmì ṣaworo ṣì wà lára rẹ̀ yípo. Mo dá a padà síbẹ̀. Ṣaworo náà ni mo mú, mo so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà bá fẹ́, á dún. Mi ò ní dí i mọ́ láé.